Ọjọ́ mẹ́fà ní Ìbàràpá: ìwé ìrìn-àjò akọ̀ròyìn ẹ̀rọ ìlera

Ọjọ́ Ajé

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo dé gáréèjì. Ọkọ̀ ò tètè kún. Mo jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà, mo gbé báàgì lé itan, mo sì tún ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí wa nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Ojú ìwé méjì ni. Wọ́n ní àwọn ti pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé ìlera kan ní Ìbàràpá, wọ́n ní ìwé kíkọ ti dópin níbẹ̀, wọ́n ní irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà.

Oṣù keje mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, oṣù kẹta tí wọ́n ní kí n máa mójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlera. Bí irú ìwé báyìí bá dé, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n tú u sí Yorùbá kí n sì fi orúkọ mi sí i. Olóòtú wa ló dá eléyìí padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, "Ta ló rí i? Ṣé ìwọ rí i?" Mo ní rárá mà. "Ó yá, lọ rí i. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ hàn ọ́ tán, bèèrè ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́. Má padà wá bí o ò bá gbọ́ ìdáhùn ìyẹn."

Ọkọ̀ gba Ẹlẹ́yẹlé, ó gba Ológúnẹ́rù, a kọjá Ìdó. Nígbà tí òkúta ńláńlá Ẹ̀rúwà bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sùn. Èmi ò sùn. Mo ń kọ ìbéèrè sínú ìwé, mo sì ń pa á rẹ́.

Igbó-Ọrà kì í ṣe ìlú tí ètò ìlera ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá síhìn-ín láti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ará ìgbèríko. Àwọn ará ìlú ti rí oríṣiríṣi ẹni tó gbé ìwé àti báàgì wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí Mátírọ́ọ̀nù fi wo lẹ́tà mi láti òkè dé ilẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ yín dára. Ìbejì dé síbí ní ìdájí òní."

Mo kí ìyá wọn kú ewu ọmọ láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin méjì ni àwọn ọmọ náà. Mátírọ́ọ̀nù ní kí n padà wá lọ́la, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kí aago méje tó lù, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn ìyá kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì kan ṣàlàyé ibà tó lè tẹ̀lé abẹ́rẹ́ àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ sídìí tábìlì ọ̀gá rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin ni ọ̀gá yìí, kò lè jù mí lọ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá gan-an. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà níwájú rẹ̀. Ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó bí wa, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ ò kọ̀wé mọ́."

Ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ máa wò."

Mo wò. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rọ náà dùn ún wò. Bí ìyá bá ti dárúkọ, tí ó sì ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ tí ọmọ ti gbà á yọ jáde. Èyí tó kàn náà á yọ: ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ti èéyi (measles) ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìyá kan sọ káàdì rẹ̀ nù sínú òjò. Tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ńlá láti ojú ewé dé ojú ewé. Lónìí, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ti rí ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìbejì àná jáde, kí wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ ọmọ tuntun.

Ọ̀gá rẹ́kọ́ọ̀dù kọ ti àkọ́kọ́: orúkọ ìyá, nọ́ńbà fóònù, obìnrin, ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ gbà á. Ó kọ ti èkejì: orúkọ ìyá, nọ́ńbà fóònù, obìnrin, ọjọ́ Ajé. Lẹ́tà pupa yọ lójú ẹ̀rọ: ọmọ yìí ti wà nínú àkọsílẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò lè kọ Táíwò síbi kan kí ó kọ Kẹ́hìndé síbi kejì ni. Ó ní òun ti dán ìyẹn wò. Ẹ̀rọ náà kì í wo orúkọ ọmọ rárá. Wọ́n ṣàlàyé é fún wọn níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé ọmọ ọjọ́ kan kì í tíì ní orúkọ, pé ìyá lè mú un wá kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, nítorí náà nọ́ńbà ìyá, ọjọ́ ìbí, àti akọ tàbí abo ni ẹ̀rọ fi ń dá ọmọ mọ̀. Bí ìbejì bá jẹ́ akọ kan abo kan, kò ní wàhálà. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, ẹnì kan nínú wọn ò sí láyé lójú ẹ̀rọ.

Mo kọ èyí sílẹ̀, mo sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí à ń bí nílẹ̀ yìí, ìbejì ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ̀rọ mọ̀ lórúkọ. Àwọn gan-an ni kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀run ni wọ́n ti mú orúkọ bọ̀. Igbó-Ọrà ni wọ́n sì gbé ẹ̀rọ náà wá, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn tó ṣe ìwádìí ní agbègbè wa kà tó ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000.

"Kí lẹ wá máa ń ṣe sí i?"

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Mo máa ń fi ọjọ́ kan kún ti Kẹ́hìndé."

Ó tẹ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀rọ gbà á. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé búlúù sọ́dọ̀, ó sì kọ ọjọ́ Ajé sí iwájú àwọn méjèèjì, ó fi àkámọ́ so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí ìwé náà fi ṣì wà lórí tábìlì.

Nínú ẹ̀rọ, àwọn ọmọ méjì tó jáde láàárín wákàtí kan ti di ọmọ ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo bèèrè ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ máa ń fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí fóònù ìyá: Táíwò lónìí, Kẹ́hìndé lọ́la. Òun máa ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má dá èkejì lóhùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rántí.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, Mátírọ́ọ̀nù ní kí n má dárúkọ ilé ìlera wọn, kí n má sì dárúkọ ọ̀gá rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn. Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n mo ti ya fọ́tò ojú ewé ìwé búlúù náà, orúkọ àwọn ìyá àti nọ́ńbà wọn sì hàn kedere nínú rẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 ní àṣírí ni àkọsílẹ̀ aláìsàn. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 tún wà lórí ìyẹn. Kí òfin méjèèjì tó wà ni àwọn ìyá wa ti mọ̀ pé a kì í sọ ohun tí a rí nínú iyàrá aláboyún níta. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ níwájú wọn, mo ya ọwọ́ ọ̀gá rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan pẹ̀lú báírò.

Ọjọ́rú

Mo ṣe àṣìṣe kan, ó sì yẹ kí n kọ ọ́ síbí.

Lálẹ́ àná mo fi ìròyìn kúkúrú kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì nípa fíríìjì sólà tó wà nínú iyàrá abẹ́rẹ́. Mo kọ ọ́ pé bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀ bá ṣú. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo rí panẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé, mo rí wáyà, mo sì parí èyí tó kù lórí ara mi. Lówùúrọ̀ yìí mo bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan tó wá nu panẹ́ẹ̀lì. Mo fi fóònù hàn án. Ó kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò ní bátìrì."

Ó ṣí ìlẹ̀kùn fíríìjì náà fún ìgbà díẹ̀ kí n lè rí i. Oòrùn ọ̀sán ni ó fi ń sọ omi inú ògiri fíríìjì di yìnyín. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí bí òjò bá ṣú bolẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, yìnyín yẹn ló ń mú inú rẹ̀ tutù. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ yọ bátìrì kúrò ni, torí ìdí bátìrì ni fíríìjì sólà àtijọ́ ti máa ń kú: ọdún díẹ̀, ó ti gbó, owó òmíràn ò sì sí. Láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Èmi rò pé ooru nìkan ni ọ̀tá. Ó ní àwọn kan wà, bí abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀ Hepatitis B, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dì, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ yọ́ padà.

Nọ́ọ̀sì fi ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀ kan hàn mí. Ó ní òbìrípo kékeré lára, onígun mẹ́rin funfun sì wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ń mú ìgò náà, onígun mẹ́rin yẹn á máa dúdú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti dúdú tó òbìrípo tó yí i ká, ìgò náà ti kúrò ní lílò. Kò gba iná, kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti 1996 ni wọ́n sì ti ń lò ó. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó fi ìwé ránṣẹ́ sí wa nípa rẹ̀ rí. Ó dùn mí pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí di òní.

Mo pe Olóòtú, mo jẹ́wọ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n kọ àtúnṣe náà fúnra mi, kí n kọ ohun tí mo ti sọ àti ohun tó jẹ́ òótọ́, kí n má fi ọ̀rọ̀ bò ó. Ìlà mẹ́ta ni. Ó gbà mí ní wákàtí kan.

Lọ́sàn-án mo pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n so mí mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, Yorùbá ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbejì, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Ìkejì tèmi náà wà nílé." Ìbejì ni òun náà.

Ó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, àlàyé rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá ka ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ìjọba á rò pé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ pọ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ lọ, àwọn tí kò gbà á yóò sì fara pamọ́ sábẹ́ iye náà. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ó ní àwọn máa fi ibi tí wọn yóò ti máa sọ pé ìbejì ni ọmọ kún un. Mo bèèrè ìgbà wo. Kò dá ọjọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dá ọjọ́.

Kí n tó sùn, mo yẹ ọ̀rọ̀ "irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí" yẹn wò. Ní 1989, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú Yunifásítì Kuopio ní Finland, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní MINPHIS. Mo fa ìlà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ náà.

Ọjọ́bọ̀

Ìdèrè ò jìnnà sí Igbó-Ọrà. Ìwé ìròyìn mi ò rán mi débẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ló ní, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìlera ni mo ń wá, kí n lọ kí bàbá kan níbẹ̀ tó ti ṣe aṣojú ìlera abúlé nígbà kan rí.

Bàbá wà lábẹ́ ọ̀dàn. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fi àpá méjì hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ sòbìà?"

Mo mọ òwe rẹ̀ ni. Mo ní, "Kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe là á ké sí."

Wọ́n ní, "Èmi ké sí olúgàǹbe, ó sì degbò." Wọ́n sọ ohun tí ó jẹ́ gan-an fún mi. Omi adágún ni ènìyàn yóò mu, kòkòrò tín-ín-tìn-ín inú omi náà á gbé ọmọ sòbìà wọlé, a ò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Ìgbà iṣẹ́ oko ni yóò wá yọ láti ẹsẹ̀, kò sì sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́. Gbogbo ilé á dùbúlẹ̀ nígbà tí koríko ń bo iṣu. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà pé ara ènìyàn ni wọ́n dá a mọ́, bí iṣan. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi omi sísẹ́ ṣe?

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn wá bá wọn jókòó, wọ́n sì mú aṣọ asẹ́ wá, èyí tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò yẹn ò lè gbà á kọjá. Àwọn télọ̀ ìlú ló rán an, àwọn ará ìlú ló tà á. Bàbá wà lára àwọn tó ń gbé e káàkiri.

Mo bèèrè ìbéèrè Olóòtú mi: ọjọ́ wo ni asẹ́ náà ò ṣiṣẹ́?

Bàbá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọjọ́ tí ó bá ya, tí ẹni tó ni ín ò rí i. Àti ọjọ́ oko. Ènìyàn máa ń fi asẹ́ sílé lórí ìkòkò, òùngbẹ á wá gbẹ ẹ́ lóko, á bu omi odò mu. Àwa la sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe kékeré tí a lè fi sápò."

Ní 1988, wọ́n ka ẹni tó ní sòbìà ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Mo ti gbọ́ iye yẹn rí, mo ti kà á rí. N kò tíì jókòó ti ẹni tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí.

Àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa ni wọ́n fi ṣe mí lálejò. N kò lè kọ̀ ọ́, n kò sì fẹ́ kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo tẹ̀lé òṣìṣẹ́ ìlera kan lọ sí abúlé lórí ọ̀kadà. Ó fi kúlà abẹ́rẹ́ há àárín ẹsẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì wà nínú ọ̀rá nínú báàgì rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ní abúlé náà rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò tìtorí ẹ̀ dúró: ó ń gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ, bí wọ́n bá dé ìlú ni yóò fi ránṣẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà ni ó ti rí orúkọ ọmọ kan tí kò gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án. A wá ilé wọn rí. Ìyá ọmọ ti rò pé abẹ́rẹ́ ti parí. Ọmọ náà gbà á lónìí, ó ké, ó sì sùn. Bí mi ò bá kọ èyí, mo ti ṣe àìdára sí ẹ̀rọ yẹn.

Nílé kẹta ni a ti bá ìyá ìbejì kan, ọkùnrin méjì, wọ́n ti ń rá. Mo bèèrè bóyá ó ń rí ìránnilétí gbà. Ó ní ó ń rí i. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ó mú Táíwò wá. Ó gbé Táíwò lọ, ó fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí ó mú Kẹ́hìndé wá.

"Owó ọ̀kadà ìgbà kejì, mo yá a ni. Mo rò pé bí òyìnbó ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn, pé abẹ́rẹ́ ìbejì ò gbọdọ̀ pàdé lọ́jọ́ kan."

Kò bínú. Ó ti wá ìdí kan tó bọ́gbọ́n mu fún àṣìṣe ẹlòmíràn, ó sì ti san owó rẹ̀. Mo bi í bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ yìí láìdárúkọ rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ pé ọmọ òun ò pàdánù abẹ́rẹ́ kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìbàdàn. Ọ́fíìsì dákẹ́ rọ́rọ́, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Olóòtú ka ìròyìn mi pẹ̀lú báírò lọ́wọ́. Wọ́n pa "ẹ̀rọ ìgbàlódé" rẹ́ níbi mẹ́rin. Wọ́n ní ìgbà wo ni kì í ṣe ìgbàlódé fún ẹni tó wà nínú rẹ̀? Wọ́n fi ìyá abúlé sókè pátápátá, wọ́n sọ àlàyé ilé-iṣẹ́ kalẹ̀ sí ìpínrọ̀ kẹrin, wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n bèèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ṣí ìwé mi, mo fi hàn wọ́n.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè. "Àwọn ìbejì ọjọ́ Ajé yẹn ńkọ́? Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ wọn tó kàn?"

Mo ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni. Mo ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. Mo pe ọ̀gá rẹ́kọ́ọ̀dù ní Igbó-Ọrà, mo bèèrè bóyá ó sọ fún ìyá wọn. Ó ní òun sọ fún un kí wọ́n tó lọ sílé, òun sì kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì méjèèjì. Olóòtú ní kí èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀, torí a máa padà lọ béèrè. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi: ọjọ́ Ajé, Táíwò àti Kẹ́hìndé, lẹ́ẹ̀kan náà.